Ọ̀gánwó Ìsàlẹ̀ Ọ̀sẹ̀

Jímọ̀ káfíńtà kì í tan oníbàárà jẹ. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀ nìyẹn, ohun náà sì ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí ẹnìkan bá gbé iṣẹ́ tí kò lè dára wá, kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe é, ẹ ó kábàámọ̀." Ohun tó sì ń múra láti sọ fún Mama Nọ́ọ̀sì nìyẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ tí obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó gbọn eruku kúrò lára ìró, tó sì jókòó sórí àpótí láìdúró de ẹni tí yóò fi ìjókòó lọ̀ ọ́.

Yétúndé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Láti ìgbà tó ti ń gbẹ̀bí káàkiri àwọn abúlé Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Mama Nọ́ọ̀sì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ó ti fẹ̀yìntì, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ń gbé ní Upenmen, ìlú ọkọ rẹ̀ nítòsí Ọ̀wọ̀. Oyèníyì ni ọkọ náà ń jẹ́, Ọ̀gá Fọ́rẹ́sìtì ni ayé mọ̀ ọ́n sí, nítorí iṣẹ́ aṣọ́gbó ìjọba ló ṣe títí ó fi darúgbó. Rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá òsì láti bí ọdún mẹ́ta. Ọpọlọ rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́.

"Jímọ̀," Mama Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, "mo fẹ́ kí o bá mi tú sílìn oníke tó wà ní yàrá ọkọ mi dànù. Mo fẹ́ kí o fi pákó bo gbogbo yàrá náà, àtòkè àti ògiri, kí ojú má tún rí símẹ́ńtì níbẹ̀ mọ́."

"Pákó wo, Mama?"

"Ọ̀gánwó. Ìrókò. Apá. Àwọn igi tí òun náà mọ̀."

Jímọ̀ gbé ìfági rẹ̀ kalẹ̀, ó béèrè ohun tó fa irú èrò bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà wò ó díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní ọkọ òun kì í ráhùn. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti dá a jókòó, kò bínú sí Ọlọ́run, kò bínú sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí òun ti ń fún un lẹ́kọ mu, ó gbójú sókè sí sílìn, ó ní, "Yétúndé, inú igbó ni mo ti lo ayé mi, inú ike ni n ó wá kú sí."

"Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàròyé o," Mama ní. "Bí ẹni tó sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Èmi ni kò rí oorun sùn. Ó wù mí kí n gbé e lọ wo igbó. Igbó ọ̀hún dà? Ibi tó ti ń ṣọ́ ìrókò nígbà náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó ló kún ibẹ̀, níbi tí kò bá sì sí kòkó, koríko ni. Bí n kò bá lè gbé e lọ bá igi, ẹ jẹ́ kí igi wá bá a nílé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jímọ̀ lára, ṣùgbọ́n kò torí ìyẹn parọ́. Ó mú Mama lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onípákó. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀gánwó níbẹ̀, igi tí wọ́n gé ní tútù ni, omi ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó ní kí Mama fi ojú kan wò ó láti ìdí dé orí. Pákó náà ti ká bí ewé tí iná rà.

"Bí mo bá kan èyí mọ́ ògiri lónìí," ó ní, "kí Iléyá tó dé, á ti fa ìṣó yọ. Igi àtijọ́ ló lè ṣe ohun tí ẹ ń fẹ́, igi àtijọ́ sì ti tán nílẹ̀ yìí, Mama."

"Kò tán," ni Mama Nọ́ọ̀sì wí. "Mo mọ ibi tó sùn sí."

Ó wá sọ ìtàn kan fún un. Nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, tí wọ́n gbé iṣẹ́ òun lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Afo, odò Ọ̀sẹ̀ ni àwọn onígẹdú fi ń kó igi lọ sí ìsàlẹ̀. Bí òjò bá ti kún odò, wọ́n á so gẹdú pọ̀ bí ẹní, wọ́n á fi èyí tó fúyẹ́ gbé èyí tó wúwo, wọ́n á sì máa tù ú lọ. Lọ́dún kan, omi yà lù wọ́n níbi tí odò ti ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́. Okùn já. Igi tó fúyẹ́ bá omi lọ, èyí tó wúwo rì. Wọ́n gbé ọkùnrin kan tí gẹdú tẹ̀ níka wá bá òun. Ibi tí òun ti ń di ìka náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin aṣọ́gbó kan ti já wọlé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó ń béèrè irú igi tó rì àti ibi tó rì sí, tí kò tilẹ̀ kí òun.

"Mo lé e síta," Mama sọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Mo ní kó lọ dúró títí n ó fi parí iṣẹ́ mi. Ó sì dúró, nínú òjò. Òun náà ni mo fẹ́."

Jímọ̀ fẹ́ sọ pé igi tó ti rì láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún á ti di ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí bàbá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ káfíńtà, máa ń wí: igi tó ń wọ omi tó tún ń jáde ló ń jẹrà, èyí tó bá wọlé tí kò jáde mọ́, tí ẹrẹ̀ bò, afẹ́fẹ́ kò rí i kàn, kòkòrò kò rí i jẹ. Ó wo arúgbó tó jókòó níwájú rẹ̀, tó ti fi ara rẹ̀ gun ọ̀kadà láti Upenmen. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti fà. Kí wọ́n tó dé etí omi rárá, Mama Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ yà sí ọ̀dọ̀ baálẹ̀ abúlé kékeré tó wà nítòsí láti tọrọ àyè. Baálẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí mi? Ìyá mi kò yéé dárúkọ yín títí ọlọ́jọ́ fi dé." Àyè ti gbà wọ́n nìyẹn. Wọ́n bẹ Ọmọ́báyọ̀ lọ́wẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ kan tó ti fi etí Ọ̀sẹ̀ ṣe ilé tipẹ́, tó ń pẹja níbẹ̀. Ọkùnrin náà lè wà lábẹ́ omi títí àyà ẹni tó ń wò ó á fi máa já.

Wọ́n fi ọ̀pá irin gígùn gún ìsàlẹ̀ odò kiri ní ibi tí odò ti ṣẹ́. Òkúta ń dún gan-an-gan-an, iyanrìn kì í dún rárá. Kò sí igi. Ọmọ́báyọ̀ wọlé, ó jáde, ó tún wọlé, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀ bí kò ṣe kùkùté ọ̀pẹ kan. Nígbà tí oòrùn wọ̀ lọ́jọ́ kejì, Jímọ̀ ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tu Mama nínú. Ṣùgbọ́n Mama kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó lábẹ́ agbòòrùn, ó ń wo òdìkejì odò, ojú rẹ̀ ṣe bí ìgbà tí ó ń ka iye ìgbà tí ọkàn ọmọ inú ń lù.

"Ẹ dúró," ó ní. "Apá ọ̀tún wa ni òkúta ńlá yẹn máa ń wà tí a bá ń pọn omi, ó ti wá wà lápá òsì. Òkúta kì í rìn. Odò ló rìn. Ibi tí ẹ ń gún kò tíì di odò nígbà tí mo wà níbí. Ẹ wá sí orí iyanrìn yìí."

Iyanrìn náà gbẹ, màlúù ti rìn kọjá lórí rẹ̀. Ọmọ́báyọ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fi ọ̀pá gún un nítorí ọ̀wọ̀ àgbà. Ọ̀pá wọlé, ó wọlé, ó sì dún: kọ̀. Ó gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kọ̀. Ó sún síwájú: kọ̀, kọ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú sí Mama, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn.

Wọ́n gbẹ́ iyanrìn títí dé omi, wọ́n tú ẹrẹ̀ dúdú sílẹ̀, Ọmọ́báyọ̀ sì rì wọlé láti fi okùn wáyà kọ́ gẹdú àkọ́kọ́ lọ́rùn. Katakátá oko kan ló wá fà á. Igi náà kọ́kọ́ mi, bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun, kó tó gbà láti dìde. Nígbà tó gòkè, ó dúdú, ó ń kán omi, ó gùn ju ilé lọ. Mama Nọ́ọ̀sì súnmọ́ ọn, ó gbọ́wọ́ lé e, ó ní, "Ẹ kú àtijọ́."

Kàmál ló ni ilé ìlagi tí wọ́n gbé e lọ ní Ọ̀wọ̀. Ó bẹ̀rù fún ayùn rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ gbogbo iyanrìn kúrò kó tó tan ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ayùn ti la igi náà, tí pákó àkọ́kọ́ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Kàmál pa ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Inú igi náà pupa rúsúrúsú, ó ń dán bí ẹni fi òrí pa á, ilà ara rẹ̀ sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná kò fi lè wọ àárín wọn. Òórùn rẹ̀ kún gbogbo ilé ìlagi náà, òórùn dídùn kan báyìí tí Jímọ̀ kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú.

"Irú èyí kò sí mọ́ láyé," Kàmál sọ jẹ́jẹ́.

Ayọ̀ yìí ló ti Jímọ̀ ṣubú. Ó ń kánjú kí yàrá Ọ̀gá Fọ́rẹ́sìtì lè tètè parí, ló bá tẹ́ àwọn pákó náà sínú oòrùn gangan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán: pá! pá! bí ìbọn ọdẹ. Nígbà tó sáré dé ìdí wọn, ó ju ìdajì lọ tó ti là láti orí dé ìdí. Kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Lábísí ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ sọ òtítọ́ fún olóhun, kó má gbé ọ̀rọ̀ náà sùn. Láàárọ̀, ó gbé pákó kan tó là sínú ọkọ̀, ó forí lé Upenmen.

Ní ẹ̀yìnkùlé ni ó ti fi í han Mama. Ó dọ̀bálẹ̀, kò wí àwíjàre. Mama Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tó là.

"Dìde," ó ní. "Ọmọ tí kò pé oṣù, tí a bá gbà á tán, ṣé a máa ń gbé e sínú oòrùn? A máa ń wé e ni. A máa ń gbé e síbi tí atẹ́gùn kò ti pọ̀, ká sì máa yọjú sí i. Ibi tí èyí ti ń bọ̀ jìnnà, Jímọ̀. Ká ṣe é pẹ̀lẹ́. Ṣé èyí tó kù nínú odò ṣì pọ̀?"

"Ó pọ̀, Mama."

"Kí ló wá dé tí o ń sunkún?"

Mama fi ọwọ́ tí òórùn pákó náà ti wọ̀ lọ gbé oògùn fún ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Jímọ̀ fi gbọ́ ohùn láti ojú fèrèsé.

"Yétúndé, níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ẹ̀yìnkùlé."

"Ẹ̀yìnkùlé wo ni wọ́n ti ń la ọ̀gánwó?"

Ohùn náà tún dìde, "Ta ló wà níta yẹn? Ẹ wọlé wá!"

Jímọ̀ wọlé tòun ti pákó rẹ̀. Ọ̀gá Fọ́rẹ́sìtì jókòó sórí ibùsùn, ìrọ̀rí ló gbá a mú, ó gùn, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì ń tàn. Ó ní kí wọ́n gbé igi náà súnmọ́ òun. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó dijú. Nígbà tó la ojú, kò wo Jímọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló wò. Mama kò rí ibi yà sí mọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí.

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ojú rẹ̀ rọ̀ bí ti ọmọdé. Ó ní, "O lọ bá mi wá a nínú odò?" Kí Mama tó dáhùn, ojú náà ti tún le. "Ta ló fún yín ní páàsì, ìwé àṣẹ igi?"

"Páàsì báwo? Igi inú omi ni!"

"Ta ló ni omi? Ilé-iṣẹ́ tó ni gẹdú yẹn ti kógbá sílé tipẹ́. Ohun tí kò bá ti ní olówó mọ́, ti ìjọba ni. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi gba igi tí kò ní páàsì lọ́wọ́ àwọn èèyàn, Yétúndé. Mo gba ti àbúrò bàbá mi, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ṣé àárín irú igi bẹ́ẹ̀ ni n ó wá sùn sí?"

Mama bínú, ó fi èdè Ọ̀wọ̀ paraku sọ fún un pé orí rẹ̀ le ju igi ẹ̀kì lọ. Ọkọ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á ṣì wà nínú ike. Jímọ̀ dúró láàárín wọn, kò sì mọ èyí tí òun ìbá yìn nínú àwọn méjèèjì: ẹni tó wọ inú odò nítorí ọkọ, tàbí ẹni tí kò lè torí ohun tó wù ú jù láyé rú òfin tó ti fi de àwọn ẹlòmíràn.

Jímọ̀ àti Mama lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣọ́gbó ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tiwátọ́pẹ́ ló gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ó họ orí.

"Ẹ̀yin àgbà, kùkùté la máa ń lọ wò kí a tó kọ páàsì. Kùkùté èyí dà?"

"Ó ti di oko kòkó látọdún gbọ́nhan," Mama dáhùn.

Tiwátọ́pẹ́ wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó jáde. Ó ní àyè wà, ṣùgbọ́n àwọn kan ń gé igi tútù nínú igbó ọba, wọ́n á tì í sínú odò, wọ́n á ní igi àtijọ́ ni. Ẹni tó mọ igi agbègbè náà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. "Wọ́n ní ọ̀gá kan wà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láyé ọjọ́un, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníyì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láyé."

Mama Nọ́ọ̀sì wo Jímọ̀, Jímọ̀ wo Mama. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá ọmọbìnrin náà lóhùn, wọ́n rín títí omi fi bọ́ lójú Mama.

Nígbà tí Tiwátọ́pẹ́ wá kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá Fọ́rẹ́sìtì ní Upenmen, tó sì sọ ohun tó bá wá, bàbá náà mi orí. "N kì í jẹ́rìí ohun tí n kò rí, ọmọ mi."

"Nígbà náà, sà, ẹ máa bọ̀ wá wò ó."

Láti ìgbà tí àìsàn ti gbé e dè, kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Jímọ̀ kan àga kan tí ó ní ọwọ́ gígùn níwájú àti lẹ́yìn, tí ọkùnrin mẹ́rin lè gbé kọjá níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Bí wọ́n ti ń gbé bàbá náà lé e, ó gbá ara àga náà, ó béèrè pé, "Èyí ńkọ́?"

"Arère ọjà ni, bàbá. Rìsíìtì rẹ̀ wà."

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n dé etí Ọ̀sẹ̀, ìkùukùu ṣì wà lójú omi. Wọ́n gbé e sísàlẹ̀ lórí iyanrìn. Ó ń wo omi, ó ń wo òkúta ńlá yẹn. Ọmọ́báyọ̀ bu omi bọ́jú, ó sì rì wọlé pẹ̀lú okùn. Nígbà tó yọrí, ó gbé ọwọ́ sókè. Katakátá bú ramúramù, okùn wáyà na, gẹdú kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ẹrẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ara rẹ̀ fi wà nílẹ̀.

"Ẹ gbé mi súnmọ́ ọn."

Wọ́n gbé e súnmọ́ ọn. Ó gba ọ̀bẹ, ó ha ẹ̀gbẹ́ igi náà, ó gbé èyí tó ha kúrò sí imú. "Ọ̀gánwó. Igi orí òkè ni, kì í ṣe ti àbàtà." Ó ní kí wọ́n fọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹrẹ̀ ṣí, ó nawọ́ sí i. "Tiwátọ́pẹ́, wá wò ó. Kí lo rí?"

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ó rí ségesège, sà. Ó dà bí pé wọ́n gé e léraléra."

"Ojú àáké nìyẹn. Àwọn méjì á dúró lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n á máa ju àáké láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí. Ta ló ń fi àáké gé ọ̀gánwó lónìí? Ibi tí ẹ̀rọ bá gé á tẹ́ pẹrẹsẹ. Kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́rìí sí i."

Tiwátọ́pẹ́ mú òòlù ìjọba jáde nínú àpò, èyí tí wọ́n fi ń lu àmì sí ìdí igi tó bá ti gba àṣẹ. Ó fẹ́ lu igi náà, ó sì dúró. Ó yí padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òòlù náà fún Ọ̀gá Fọ́rẹ́sìtì.

Ọkùnrin náà wo òòlù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ṣì lágbára. Ó gbé e, ó sì lu igi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmì náà wọlé ṣinṣin. Ó gbé òòlù sórí itan, ó gbójú lé odò, ó ní, "Mo rò pé gbogbo wọn ti lọ tán."

Mama Nọ́ọ̀sì fi etí ìró rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn èkejì. Jímọ̀ yíjú sí igi, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wọn gígùn rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n san ẹ̀tọ́ ìjọba, títí kan ti gẹdú àkọ́kọ́, tí igi tó kù jáde, ọ̀gánwó méjì sí i àti ìrókò ńlá kan pẹ̀lú igi apá kan, Jímọ̀ kò kánjú mọ́. Ó kun ojú ibi tí wọ́n gé pákó lọ́dà kí omi má baà tibẹ̀ sá jáde. Ó tò wọ́n sábẹ́ ìbòjì lẹ́yìn ilé Mama, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí atẹ́gùn lè máa gbà láàárín wọn pẹ̀lẹ́. Mama sì gba iṣẹ́ náà ṣe bí ẹni tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní àràárọ̀ ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí ọyẹ́ fẹ́ tó ń fa ètè ènìyàn ya, ó fi àpò ọ̀rinrin bò wọ́n. Nígbà tí òjò dé, ó ká a kúrò. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìrun ni Jímọ̀ ń dé Upenmen láti wá yí wọn padà, bó bá sì ti gbé ọ̀kan sójú, tó rí i pé ó gún bí okùn tí wọ́n fà, á fi imú kọrin. Kò sí ìkankan tó là.

Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn ti dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án. Wọ́n gbé bàbá lọ sí pálọ̀. Jímọ̀ kò fi ìṣó kan ojú pákó kankan. Ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan kí ó lè wọ inú èkejì, wọ́n sì gbá ara wọn mú bí ìka ọwọ́. Ìrókò ló fi ṣe òkè, ó ti ṣú lábẹ́ omi bí oyin inú igbó. Ọ̀gánwó ló bo ògiri. Apá ló fi yí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé ká. Kò fi ọ̀dà kankan kùn wọ́n. Ó fi ọwọ́ pa òróró sí wọn lára títí tí wọ́n fi mọ́lẹ̀ bí awọ ara ènìyàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Ọ̀gá Fọ́rẹ́sìtì padà wọlé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ti ojú fèrèsé wọlé, ògiri náà sì ń tàn bí ẹyin iná. Ó wò yíká. Ó pẹ́.

"Káfíńtà," bàbá náà pè é nígbẹ̀yìn, "pákó kejì láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, o dorí rẹ̀ kodò. Ìdí igi ló wà lókè."

Jímọ̀ sáré wò ó. Òtítọ́ ni, kò sí ẹlòmíràn láyé tí ìbá rí i. Ó gbé irin iṣẹ́ láti tú u, ṣùgbọ́n bàbá na ọwọ́ ọ̀tún.

"Fi í sílẹ̀. Tí n bá ṣì ń rí ohun tí n ó máa bá yín jà lé lórí, n kò ní kú." Ohùn rẹ̀ wá yí padà. "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun. Yétúndé, wá jókòó síbí, kí o wo ohun tí o ṣe."

Mama jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ yàrá yẹn kò bò. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó láti Ọ̀wọ̀ àti Ìdóàní, àwọn kan tilẹ̀ ti Àkúrẹ́ wá, wọ́n ní àwọn náà ń fẹ́ igi ìsàlẹ̀ odò fún pálọ̀ àti ọ́fíìsì wọn. Jímọ̀, Ọmọ́báyọ̀ àti Kàmál wá di ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n gẹdú kan kì í kúrò létí omi láìgba òòlù. Tiwátọ́pẹ́ ló ń lù ú. Ọmọbìnrin náà sì ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ ilé ní Upenmen. Bó bá ti rí ewé tàbí èèpo igi tí kò mọ̀ nínú igbó, á gbé e wá bá bàbá, bàbá á mú un sí imú, á ní kó jókòó, ìtàn á sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ọdún náà rọ̀ tí kò dá, àyà Jímọ̀ ń já pé kí pákó má wú. Ó gun ọ̀kadà lọ wò ó. Ilẹ̀kùn kò há, ògiri kò sún. Ó bá tọkọtaya náà nínú yàrá, Mama ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀wọ́n tòmátì. Bàbá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ìka tọ ilà ara ọ̀gánwó náà lọ láìyára, ó sì ń fèsì, "Hẹ̀n-ẹ́n. Hẹ̀n-ẹ́n." Àwọn méjèèjì kò tètè rí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó kí wọn, òjò ń lu páànù, gbogbo yàrá náà sì ń rùn bí inú igbó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí Lábísí ti gbé iyán síwájú rẹ̀, ó béèrè lójijì pé, "Ìyá àwọn ọmọ mi, bí àìsàn bá dá mi jókòó, kí lo máa lọ wá fún mi?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Lábísí ké. "Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn lẹ́nu oúnjẹ? Ẹ jẹ iyán yín, kó tó di òkúta." Ó wọ ilé ìdáná padà lọ, ó ń pòṣé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Kí lẹ tilẹ̀ máa ń fẹ́?" ó béèrè.

Jímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ki òkèlè bọ ọbẹ̀.